TA NI ARÁ ILÉ?
Àwíyé lórí bí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń ka ará ilé wọn

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá kan léèrè pé, "Ènìyàn mélòó ni ó wà ní ilé yín?" ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ bi wá padà pé, "Ilé wo?" Kì í ṣe àfojúdi. Ilé ni iyàrá tí òun àti ìyá rẹ̀ ń sùn. Ilé ni agbo ilé tí iyàrá náà wà nínú rẹ̀. Ilé ni gbogbo àwọn tí ó ti ọ̀dọ̀ baba ńlá kan ṣẹ̀ wá, ìbáà ṣe Èkó ni wọ́n wà tàbí Kánò. Ilé sì ni ìlú rẹ̀, nígbà tí ó bá wà ní àjò tí ó ń sọ pé òun ń lọ sílé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n agbo mẹ́rin ni ó yí ọmọ náà ká.

Bí ó bá ṣe pé ọ̀rọ̀ èdè nìkan ni, a kì bá tí pe yín jọ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bẹ ní ayé olúkúlùkù tí a ó béèrè pé, "Ta ni ará ilé yìí?" tí ìdáhùn rẹ̀ yóò sì di ọ̀ràn jíjẹ àti mímu. Nígbà tí onílé bá kú tí a fẹ́ pín ohun tí ó fi sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba bá rán akọ̀wé láti ka ènìyàn. Nígbà tí àlùfáà bá ṣí ìwé orúkọ ìjọ: ẹni tí a bá kà mọ́ ilé a jókòó, ẹni tí a kò bá kà mọ́ ọn a di ẹrù rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ wo bí orílẹ̀-èdè díẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè yìí nínú ìtàn, kí a tó padà sí ilé tiwa. A ó rí i pé okùn tí wọ́n fi so ará ilé pọ̀ kò jọ ara wọn: ibì kan fi àṣẹ bàbá so wọ́n, ibì kan fi orúkọ, ibì kan fi ẹ̀jẹ̀ ìyá, ibì kan fi ìgbéyàwó ọkọ kan àti aya kan. A ó sì rí i pé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹnì kan wà tí ó ń ṣiṣẹ́ ilé náà, tí a kò sì kà mọ́ ilé tán pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Róòmù, nítorí pé láti inú èdè àwọn ará Róòmù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìdílé ti jáde. Ọ̀rọ̀ náà ni familia, ó sì bá ọ̀rọ̀ mìíràn tan, èyíinì ni famulus, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ tàbí ẹrú. Nígbà tí ará Róòmù bá ń sọ̀rọ̀ familia rẹ̀, ó lè jẹ́ pé àwọn ẹrú rẹ̀ nìkan ni ó ń sọ. Ó sì lè jẹ́ gbogbo ẹni tí ó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Àṣẹ yìí ni òpó ilé. Ọmọkùnrin tí ó ti gbéyàwó, tí ó ti bímọ, tí ó tilẹ̀ ti di olóyè ìlú, wà lábẹ́ àṣẹ bàbá rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí bàbá náà bá ṣì wà láàyè, àfi bí bàbá bá tú u sílẹ̀. Lójú òfin àtijọ́, ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fi òógùn rẹ̀ rà, ti bàbá rẹ̀ ni.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà gbé obìnrin níyàwó lọ́dọ̀ wọn. Ní ọ̀nà kìíní, ó bọ́ kúrò lábẹ́ àṣẹ bàbá rẹ̀ sí abẹ́ ti ọkọ, ó sì dàbí ọmọ ní ilé ọkọ náà, tí ó ń bá àwọn ọmọ jogún. Ní ọ̀nà kejì, ó ń bá ọkọ rẹ̀ gbé, ó ń bímọ fún un, ṣùgbọ́n ilé bàbá rẹ̀ ni òfin ṣì ń kà á mọ́. Ní àkókò àwọn Àpọ́sítélì, ọ̀nà kejì yìí ni ó gbilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi ṣẹlẹ̀ pé ìyá kan lè bí ọmọ mẹ́fà, kí ó sì tọ́ wọn dàgbà, kí ó má sì jẹ́ ará ilé kan náà pẹ̀lú wọn lójú òfin. Bí ó bá kú, àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ni ó ń kó ẹrù rẹ̀. Ní ọdún 178 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa ni ìgbìmọ̀ àwọn àgbà Róòmù pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ jogún ìyá wọn ṣáájú àwọn ẹbí rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ni omijé àwọn ọmọ fi ṣáájú àṣẹ náà!

Bí a bá mọ èyí, a ó ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì pẹ̀lú òye tí ó jinlẹ̀. A baptísì Lídíà, tí ń ta aṣọ elésè-àlùkò, àti àwọn ará ilé rẹ̀. A sì baptísì onítúbú Fílípì àti àwọn tirẹ̀. Kì í ṣe ọkọ, aya àti ọmọ méjì ni a ní láti fi ojú inú wò níbẹ̀. Ìwé náà kò tilẹ̀ dárúkọ ọkọ kankan fún Lídíà. Olórí ilé ni òun fúnra rẹ̀, ó sì ní agbára láti gba àwọn àlejò sí ilé rẹ̀. Bákan náà ni Pọ́ọ̀lù, nígbà tí ó ń kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì, fi ìkíni ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn mímọ́ tí ń bẹ ní ilé Késárì. Ilé Késárì yìí kì í ṣe ààfin kan ṣoṣo: ẹrú ọba ni, àti àwọn tí a ti dá sílẹ̀ kúrò lóko ẹrú, tí ń ṣe iṣẹ́ ọba káàkiri. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, lo ọ̀rọ̀ ilé níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì bá a mu, nítorí pé agbo ilé Yorùbá sún mọ́ ilé Lídíà ju ilé kékeré ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Láti Róòmù ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ìlà-oòrùn, sí Japan, níbi tí ó jẹ́ pé orúkọ tí kò gbọdọ̀ parun ni ó so ará ilé pọ̀. Ie ni wọ́n ń pe ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ti kú wà nínú rẹ̀, àwọn alààyè wà nínú rẹ̀, àwọn tí a kò tíì bí náà sì ní àyè tiwọn. Olórí ilé kì í ṣe ẹni tí ó ni ilé bí kò ṣe ẹni tí a fi ilé ṣọ́, kí ó lè fà á lé ẹni tí ń bọ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń jogún ipò yìí, tí ó sábà máa ń jẹ́ àkọ́bí ọkùnrin. Àwọn àbúrò rẹ̀ a jáde lọ dá ẹ̀ka ilé sílẹ̀, tàbí kí wọ́n bọ́ sí ilé ẹlòmíràn. Bí olórí ilé kò bá sì ní ọmọkùnrin, ó lè sọ ọkọ ọmọbìnrin rẹ̀ di ọmọ. Ọkùnrin náà a fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, a sì máa jẹ́ orúkọ ilé ìyàwó rẹ̀. Ìyanu ni èyí lójú Yorùbá! Ta ni nínú wa ni yóò gbà láti fi oríkì ilé bàbá rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ nítorí aya? Ṣùgbọ́n lójú àwọn ará Japan, ẹ̀jẹ̀ lè yí padà, kí orúkọ ilé ṣá ti wà. Ìyàwó tí ó bá wọlé náà kò ní ẹsẹ̀ méjì: a ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé ilé bàbá rẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ilé ọkọ.

A kò gbọdọ̀ rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ti rí ní Japan láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn ìdílé jagunjagun ni ó di àṣà yìí mú ṣinṣin jù lọ. Ìwé òfin ìjọba ti 1898 ni ó sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún gbogbo ènìyàn, tí ó fún olórí ilé ní agbára lórí ibi tí ará ilé lè gbé àti ẹni tí ó lè fẹ́. Lẹ́yìn tí a ṣẹ́gun Japan nínú Ogun Àgbáyé Kejì, òfin ìpìlẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947. Ó sọ pé ìfẹ́ inú ọkọ àti aya nìkan ni ìgbéyàwó dúró lé, àti pé ẹ̀tọ́ wọn dọ́gba. A tún òfin ìdílé kọ, a sì mú ipò olórí ilé kúrò nínú rẹ̀. Ọdún 49 ni ó wà láàárín òfin kìíní àti èkejì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní àṣà àìkú, ìwé òfin ni ó gbé e wọ ilé gbogbo ènìyàn, ìwé òfin ni ó sì gbé e jáde.

Ẹ jẹ́ kí a tún súnmọ́ ilé wa, sí ilẹ̀ Àṣáńtì ní orílẹ̀-èdè Gánà. Níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìyá ni okùn. Abusua ni wọ́n ń pe ìdílé wọn, ti ìyá ni ọmọ sì ń bá lọ. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, bí ọkùnrin bá kú, kì í ṣe àwọn ọmọ tí ó bí ni ó ń jogún rẹ̀, bí kò ṣe arákùnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, tàbí ọmọ arábìnrin rẹ̀. Ní 1945 àti 1946, ọ̀mọ̀wé Meyer Fortes àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Àṣáńtì, wọ́n sì rí ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí wọn kì í gbé ilé kan náà. Ọkọ wà pẹ̀lú àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, aya wà pẹ̀lú àwọn ẹbí ìyá tirẹ̀, láàárín ìlú kan ṣoṣo. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó máa rí àwọn ọmọdé lójú ọ̀nà tí wọ́n ru abọ́ oúnjẹ láti ilé ìyá wọn lọ sí ilé bàbá wọn.

Ibo wáyé ni ilé àwọn ọmọ wọ̀nyí? Bí a bá fi ìkòkò ọbẹ̀ kà á, bàbá wọn jẹ́ ará ilé, nítorí nínú ìkòkò ìyá wọn ni ó ti ń jẹun. Bí a bá fi ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ kà á, kò sí níbẹ̀. Bí a bá sì fi ogún kà á, àlejò ni ó jẹ́ sí wọn. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan àwọn Orílẹ̀-èdè fi lélẹ̀ fún ìkànìyàn ni pé kí a ka àwọn tí wọ́n jọ ń pèsè oúnjẹ àti àwọn ohun kòṣeémánìí fún ara wọn sí agbo kan. Ìlànà náà dára, ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó bá gbé e dé irú ìlú bẹ́ẹ̀ láìbi ènìyàn léèrè dáadáa lè kọ bàbá sílẹ̀ bí àpọ́n, kí ó sì kọ ìyá sílẹ̀ bí obìnrin tí kò lọ́kọ.

Ẹnì kan wà ní ilẹ̀ Àṣáńtì náà tí ó ń ṣiṣẹ́ ilé tí a kò kà mọ́ ilé. Nígbà tí iṣẹ́ kòkó gbòde ní ilẹ̀ náà, aya àti ọmọ ni ó ń bá ọkùnrin ṣán igbó, tí ń bá a gbìn, tí ń bá a fọ́ kòkó. Ọjọ́ tí ó bá kú, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, tàbí ọmọ arábìnrin rẹ̀, a dé láti gba oko. Ẹkún yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gánà fi ṣe Òfin 111 ní 1985. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà, bí ènìyàn bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé kan àti ohun èlò inú ilé yóò jẹ́ ti ọkọ tàbí aya tí ó kù àti àwọn ọmọ. Nínú ìyókù, bí aya, ọmọ àti òbí bá wà láàyè, a ó pín ohun gbogbo sí ọ̀nà 16: aya yóò gba 3, àwọn ọmọ yóò gba 9, òbí yóò gba 2, a ó sì fi 2 sílẹ̀ fún àwọn tí àṣà fún. Abusua kò parẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí ó wà níta.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, ilé kéré láti ọjọ́ pípẹ́. Peter Laslett àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwé orúkọ àwọn ará 100 ìletò àti ìlú wò, láti 1574 títí dé 1821, wọ́n sì rí i pé bí a bá pín ènìyàn dọ́gba, ilé kọ̀ọ̀kan kò tó ènìyàn 5: 4.75 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọkùnrin àti obìnrin kì í sábà fẹ́ ara wọn títí wọn yóò fi ní agbára láti dá ilé ara wọn sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ a sì lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé olówó tàbí ti àgbẹ̀. A máa kà wọ́n mọ́ ará ilé ọ̀gá wọn ní ìgbà náà. Ilé ọkọ kan, aya kan àti ọmọ, ni ilé tí àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n dé Badagry ní 1845 àti Abẹ́òkúta ní 1846 mọ̀. A kò dá wọn lẹ́bi fún èyí, nítorí ojú tí ènìyàn fi mọ ilé bàbá rẹ̀ ni ó fi ń wo ilé ẹlòmíràn.

Kí ni wọ́n bá nílẹ̀? Wọ́n bá agbo ilé, tí Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀: iyàrá yí àgbàlá ká, ẹnu ọ̀nà ńlá kan ni gbogbo ènìyàn ń gbà, baálé kan sì ń bójú tó wọn. Oríṣi ènìyàn méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn kìíní ni ọmọ ilé, tí a bí síbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwọn kejì ni obìnrin ilé, tí a fẹ́ wá. Ìyàwó tí ó bá wọlé a máa pe gbogbo ọmọ ilé tí ó bá nílẹ̀ ní ọkọ. Ọmọdébìnrin tí kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ, ọkọ rẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ ṣákálá. Ọmọbìnrin ilé tí ó lọ sí ilé ọkọ kò dàbí ti Japan, nítorí a kò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Bí ó bá padà wá ní ọjọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀, ọmọ ilé ni, ó ní ohùn, ó sì ní ìpín. Obìnrin kan náà a jẹ́ ọkọ ní ilé kan, a sì jẹ́ ìyàwó ní ilé kejì.

Ohun kejì tí wọ́n bá ni pé nínú agbo ilé kan, ààrò kì í ṣe ọ̀kan. Aya kọ̀ọ̀kan ní ààrò tirẹ̀, òwò tirẹ̀ àti àpò owó tirẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá kan náà mọ ara wọn yàtọ̀ sí ọmọ bàbá wọn. Nítorí náà ni a ṣe ní ọ̀nà ìpín-ogún tí à ń pè ní ìdí-igi: a ó ka iye àwọn ìyá tí ó bímọ, a ó pín ogún sí ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ìyá tí ó bí ẹyọ kan àti ìyá tí ó bí márùn-ún yóò sì ní ìpín tí ó dọ́gba fún àwọn ọmọ wọn. Orí-ojorí, tí a fi ń pín in lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ni ọ̀nà kejì. Ẹjọ́ ọkùnrin kan ní Èkó, tí ó fi aya 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀, dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962 ni wọ́n sì fi ọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni kí a fi pín in. Ẹnu ọ̀nà bàbá kan ni, ṣùgbọ́n ìdí igi púpọ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni ó kún agbo ilé. Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí 1829, ènìyàn láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni ó dà síbẹ̀. Olúkúlùkù wá ológun kan tí yóò sá di. Nínú agbo ilé àwọn ológun wọ̀nyí ni a ti rí ọmọ ogun, ìwọ̀fà àti ẹrú pẹ̀lú ọmọ bíbí. Kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ó ń ṣe olórí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí a pa ní 1874, ní agbo ènìyàn púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ wa lọ sí Brazil pàápàá kò gbàgbé ọ̀rọ̀ ilé. Ní Bahia, níbi tí a ti tú ọmọ ká kúrò lọ́dọ̀ ìyá, wọ́n kó ara wọn jọ nínú ẹ̀sìn àbáláyé, wọ́n pe ibi ìpàdé wọn ní ilé, wọ́n ń pe olórí rẹ̀ ní ìyá, wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọmọ ìyá. Ilé bẹ́ẹ̀ kan, Ilê Axé Iyá Nassô Oká, ni ìjọba Brazil kà mọ́ àwọn ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè náà ní 1984. A kò pín nínú ẹ̀sìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní àánú kò ní ṣàì rí i pé ènìyàn tí a gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kọ́ òmíràn.

Nísinsin yìí a dé ibi tí ilé méjì ti kọlu ara wọn. Ní 1884 ìjọba Èkó ṣe Òfin Ìgbéyàwó, tí ó gbé ilé ọkọ kan, aya kan wọ inú ìwé òfin. Ní 1898 ẹjọ́ kan dé ilé ẹjọ́ Èkó, èyí tí a ń pè ní ẹjọ́ Cole. Ọkùnrin onígbàgbọ́ kan, tí ó gbéyàwó ní ìlànà Kristẹni, kú láìṣe ìwé ìhágún. Arákùnrin rẹ̀ wí pé òun ni àṣà fi ogún fún. Ilé ẹjọ́ kò gbà fún un. Ó ní ìgbéyàwó náà ti mú ọkùnrin yìí àti àwọn tirẹ̀ wá sábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1908, ẹjọ́ ilé Olóyè Mábìnúorí, tí ó kú ní 1874, wá síwájú ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì tẹ́tí sí àwọn àgbà Èkó nípa àṣà. A dá a pé ilé ẹbí wà fún gbogbo ọmọ. Bí Dáwódù bá sì ti kú, ọmọ tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ni ó yẹ kí ó ṣe olórí ẹbí. Ní 1924, nínú ẹjọ́ Smith, adájọ́ sọ pé kì í ṣe pé nítorí tí ènìyàn gba ìgbàgbọ́ tí ó sì gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ó kàn bọ́ àṣà ilé bàbá rẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀ bí ẹ̀wù. A ní láti wo bí ó ti gbé ayé rẹ̀.

Ìjọ pẹ̀lú kò bọ́ nínú ìdààmú yìí. Ní 1888 àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n pé jọ ní Lambeth pinnu pé kí a má ṣe baptísì ọkùnrin tí ó ní aya púpọ̀, kí a kàn máa kọ́ ọ títí yóò fi lè pa òfin Kristi mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé Ọlọ́run ní láti lé àwọn kan jáde ní ilé tirẹ̀. Ta sì ni yóò jáde? Ìyàwó tí kò ní ẹni tí yóò gbà á, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìdí igi rẹ̀. Ní 1988, lẹ́yìn 100 ọdún gééré, ìpàdé Lambeth mìíràn gbà pé a lè baptísì irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí ó bá ti ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí àwọn wọ̀nyí bá wà láàyè, tí ìjọ ibẹ̀ sì fara mọ́ ọn. A kò sì gbọdọ̀ fi agbára mú un láti kọ èyíkéyìí nínú wọn sílẹ̀, nítorí ìyà tí yóò jẹ wọ́n. Ìjọ kò yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà pé ọkọ kan, aya kan ni ìlànà. Ohun tí ó kọ́ ni pé obìnrin tí a ti gbà sílé kì í ṣe ẹrù tí a ń jù síta.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ìka náwọ́ sí Lambeth kí a sì gbàgbé ilé wa. Ní 1957 ilé ẹjọ́ gíga ní Nàìjíríà tún un sọ, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, pé ní àṣà Yorùbá aya kò lè jogún ọkọ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀, aya kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ilé náà. Ẹ wò ó bí ó ti jọ ti Róòmù! Obìnrin tí ó fi 30 ọdún ṣe oúnjẹ, tí ó ru yanrìn nígbà tí a ń kọ́lé, tí ó fi èrè òwò rẹ̀ san owó ilé ìwé, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìyàwó ilé, ní wákàtí kan ṣoṣo ni a sọ fún un pé kì í ṣe ará ilé.

Ó tọ́ kí a sọ òdodo fún àwọn baba wa. Nígbà tí wọ́n dá àṣà yìí sílẹ̀, opó kò wà láìní orí ilé. Ilé bàbá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún un, nítorí ọmọ ilé ni níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìpín, wọn a sì máa bọ́ ọ. Bí ó bá sì wù ú, àbúrò ọkọ a ṣú u lópó, ààrò rẹ̀ kò sì ní kúrò níbi tí ó wà. Òpó mẹ́ta ni ó gbé àṣà náà ró. Lónìí, ilé bàbá ti jìnnà, iyàrá inú rẹ̀ sì ti kún. Ṣíṣú opó ti ń di ohun ìtàn láàárín wa. Ilé tí ó wà nílẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ọkọ àti aya jọ kọ́ ní ìlú àjèjì. Bí òpó bá ti wó tán, kí ni a fẹ́ kí òrùlé dúró lé? Ní 2014, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Anámbra, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà tí ó fẹ́ lé opó kúrò nínú ilé nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Àṣà Ìgbò ni ẹjọ́ náà, kì í ṣe tiwa; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí iná lórí òrùlé aládùúgbò rẹ̀ kì í sùn.

Kí ni a rí kọ́, ẹ̀yin ará? Kò sí orílẹ̀-èdè kan tí ilé rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run wá bí ó ti rí. Ti Róòmù yí padà, ti Japan yí padà, ti Àṣáńtì ń yí padà, tiwa náà kò dúró sójú kan láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn dé Èkó. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àṣà dí ẹnu opó, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ọ̀làjú dí ẹnu ìyá arúgbó tí ó wà ní ìletò, pé kì í ṣe ará ilé ọmọ rẹ̀ nítorí pé kò bá wọn gbé iyàrá. Kí ọkùnrin tí ó ní ohun ìní ṣe ìwé ìhágún nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá, kí ó kọ orúkọ aya rẹ̀ sí i, bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni ó kọ́lé, kí ó sì jẹ́ kí ẹbí mọ̀. Kí àwọn akọ̀wé ìjọ, nígbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan, béèrè orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó kọ́kọ́ ń jí tí ó sì ń sùn kẹ́yìn, tí a máa ń fò lórí ìwé bí ẹni pé kò sí nílé.

Àwọn baba wa wí pé bí baálé bá kú, ilé a dahoro. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a ti gbé yẹ̀ wò yìí fi hàn wá pé ilé tí àwọn alààyè ti mọ ẹni tí ó jẹ́ tiwọn, tí wọ́n sì ti sọ ọ́ ní gbangba kí ikú tó dé, kì í tètè dahoro. Kí olúkúlùkù wa, bí a bá dé ilé lálẹ́ òní, ka àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tún ka àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ fún un níta. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ọ̀la kò jìnnà fún un láti tún un ṣe.